Ọdún Tí Màmá Jókòó

Oṣù Ọ̀pẹ ti wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò padà sílé láìpẹ́, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ àti alùbọ́sà lé wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lórí oúnjẹ ọdún. Bóyá ó lè ran ẹnì kan lọ́wọ́.

Èbúté Ìkòròdú ni ilé wa wà. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, ilé ẹbí sì ni títí dòní. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ̀ pé lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò ti jẹun ọ̀sán. Àwọn kan á wọkọ̀ ojú omi láti Marina nígbà tí ọdún bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Àwọn kan ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, àwọn mìíràn láti Ṣágámù. Bí a bá ka orí, tọmọdé tàgbà, a kì í dín ní ọgbọ̀n. Ohun tí gbogbo wọn sì ń retí ni tòlótòló Màmá.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, Màmá nìkan ló ń se oúnjẹ yìí. Èmi àti àwọn àbúrò mi á bá wọn bó alùbọ́sà, a ó pọnmi, lẹ́yìn náà a ó lọ wọ aṣọ ọdún wa. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé ìgbà wo ni Màmá ń wọ tiwọn.

Kérésìmesì ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́yìn yọ. Màmá ti ń dúró kí owó tòlótòló wálẹ̀ kí àwọn tó rà á. Kò wálẹ̀, ńṣe ló ń gòkè sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún ni wọ́n tó gbé ọ̀kan dé láti ọjà Ṣábọ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú kí wọ́n tó pa á. Títí di aago mẹ́ta òru, Màmá ṣì ń fa ìyẹ́. Tòlótòló náà gbó, ó le bí igi. Nígbà tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, gáàsì tán lábẹ́ ìkòkò. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ládùúgbò ló ti ilẹ̀kùn nítorí ọdún. Àwọn àlejò dé ní aago méjìlá, ẹran kò tíì rọ̀, a kò tíì da ìrẹsì sórí iná. Màmá ń sáré láti ilé ìdáná lọ sí ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé padà sí ilé ìdáná. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná náà ni wọ́n ti ṣubú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ Màmá: 190 lórí 110. Bí ó bá ti dé 140 lórí 90 ni àwọn dókítà ti máa ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n sùn gbẹ̀yìn. Màmá ní àwọn kò rántí. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti jẹ láti àárọ̀. Màmá ní àwọn tọ́ ọbẹ̀ wò.

Búrẹ́dì àti mínírà ni àwọn àlejò jẹ lọ́dún náà. Tòlótòló wà nínú ìkòkò títí di ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí oṣù kọkànlá ọdún 2023 dé, mo sọ pé èmi ni n ó se oúnjẹ ọdún. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ wo? Ìwọ tó o se ìrẹsì tó di ẹ̀kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Bàbá ní kí a gbé e fún àwọn tó ń sebẹ̀ òde. A béèrè iye tí yóò jẹ́, Bàbá sì dákẹ́. Mo ní kí a dín àlejò kù. Màmá ní ta ni kí àwọn dín kù, ṣé kí àwọn sọ fún ọmọ ilé pé kó má wá sílé bàbá rẹ̀ ni? Mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àbúrò Màmá kan wà ní Houston. Mo pè wọ́n, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń sun odindi tòlótòló ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá. Mo rò pé idán kan wà níbẹ̀ tí wọn yóò kọ́ mi. Ohun tí Àǹtí sọ kò jẹ mọ́ idán. Wọ́n ní tòlótòló dídì ni àwọn ń rà lọ́hùn-ún, pé bí ó bá tó kílò 8, yóò lò tó ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì kó tó yọ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú ti pẹ́ jù. Wọ́n ní àtàrí iṣẹ́ náà kì í ṣe sísun, bí kò ṣe mímọ ohun tí èèyàn yóò ṣe lọ́jọ́ wo. Wọ́n tún ní kò sí ẹni tó ń dá a ṣe: ẹnìkan á gbé ọ̀dùnkún wá, ẹnìkan á gbé ẹ̀fọ́ wá, onílé á mójú tó ẹran.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Màmá. Inú bí wọn. “Kí àlejò gbé ìkòkò oúnjẹ wá sílé mi? Ṣé ọwọ́ mi ti ká ni?”

Bàbá ló dáhùn, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà. Wọ́n ní, “Nígbà tí bàbá mi ń kọ́ ilé yìí, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló po ẹrẹ̀. Ǹjẹ́ o ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe ilé wọn?”

Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó sọ bí yóò ṣe dùn.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka iṣẹ́ lórí àṣà ní ẹ̀ka wa mọ àáró àti ọ̀wẹ̀. Mo ti kọ wọ́n sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n lè wọ ilé ìdáná.

Mo mú bébà, mo jókòó ti Màmá, mo ní kí wọ́n ka gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà fún mi láti orí bíbó alùbọ́sà dé orí fífọ abọ́. A ka mẹ́tàlélógójì. Mo wá ń bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, “Ṣé dandan ni kí èyí jẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an?” Iṣẹ́ mẹ́sàn-án péré ni kò ṣeé ṣe ṣáájú. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yòókù ló ń kóra jọ lé Màmá lórí nítorí pé kò sí ẹni tó yà wọ́n sọ́tọ̀ rí. Mo kọ aago kan ọ̀sán sí ìsàlẹ̀ bébà, nítorí aago náà ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ délẹ̀, mo sì ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀.

Ìyàwó Bàbá Alájì gba mọ́ínmọ́ín. Bàbá Alájì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Mùsùlùmí ni wọ́n, àwa sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Àǹtí wa ní Ẹ̀pẹ́ ní àwọn yóò ra ẹja yíyan ní ọjà Olúwo, àwọn yóò sì fi se ẹ̀fọ́ wá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba àga, ohun mímu àti abọ́ fífọ̀. Bàbá gba igi ìdáná àti gáàsì, ṣùgbọ́n sílíńdà méjì lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀kan. Èmi gba ẹran, ata àti ìrẹsì.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀pẹ, la ti ra tòlótòló, kí owó rẹ̀ tó fò. Akọ ni, ó wọn kílò 13 lórí ìwọ̀n. A so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, a ń fún un ní àgbàdo àti èérí. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ń pè é, òun náà á sì dá wọn lóhùn, yóò na ìyẹ́ ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti ronú sí orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sin ẹyẹ yìí kí àwọn ará Sípéènì tó gbé e lọ sí Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ilẹ̀ Tọ́kì pè é, àwọn Potogí ń pè é ní peru, bẹ́ẹ̀ ni kò ti ilẹ̀ Tọ́kì wá, kò sì ti Peru wá. Yorùbá kò bá wọn jiyàn ibi tó ti wá. Ohùn ẹnu rẹ̀ la fi sọ ọ́ lórúkọ, a sì gbà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún, Bàbá Alájì wá pa á. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn láti ayé bàbá bàbá mi: Mùsùlùmí ló ń pa ẹran Kérésìmesì, kí gbogbo ọmọ ilé lè jẹ nínú rẹ̀ láìṣiyèméjì. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò á wá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Àbúrò mi kékeré tó ń bọ́ tòlótòló náà sunkún, ó wọ yàrá lọ. Bàbá Alájì tẹ̀lé e, wọ́n sì jókòó tì í títí ó fi dákẹ́.

Màmá gbé àga wọn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ṣubú lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ń darí mi láti ibẹ̀. Wọ́n ní omi tí a ó fi fa ìyẹ́ kò gbọdọ̀ hó, nítorí bí ó bá hó, awọ á jinná, á sì máa bá ìyẹ́ wá. Wọ́n ní kí n fi iná ra irun wẹ́wẹ́ tó kù. Mo bi wọ́n bóyá ká sun ún lódindi bí ti sinimá. Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Nínú ààrò ta ni?” Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé ọgbọ́n wà nínú ẹ̀rín náà. Bí a bá sun odindi tòlótòló, àyà rẹ̀ á ti gbẹ kí itan rẹ̀ tó jinná, inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 74 lórí Celsius kí ó tó yẹ ní jíjẹ. Bí a bá gé e wẹ́wẹ́, wàhálà yẹn kò sí. Lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tán, ó lé díẹ̀ ní kílò 10, a sì rí ègé méjìdínláàádọ́ta gé nínú rẹ̀.

Mo fi alùbọ́sà, atalẹ̀, aáyù, tíìmù, kọ́rì, iyọ̀ àti máàgì pa á lára, mo sì gbé e sínú fíríísà di ọjọ́ kejì. Ata ti wà níbẹ̀ ní tirẹ̀ láti ọjọ́ kejìlélógún: mo ti lọ̀ ọ́, mo ti sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, mo sì ti dín in. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrìnlélógún, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ẹran kaná. Màmá ní kí n má tètè bu omi sí i, kí n jẹ́ kí ó fi omi ara rẹ̀ sè ná. Ó lo wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó rọ̀. Mo ṣẹ́ omi ẹran náà sọ́tọ̀ fún ìrẹsì.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe lọ́dún tó kọjá lọ́hùn-ún náà ni mo tún ṣọ́ra fún: a kì í fi ẹran gbígbóná sílẹ̀ nínú ìkòkò tó ní ìdérí mọ́jú. Oúnjẹ tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí méjì lọ ni kòkòrò àìfojúrí ń gbà ṣe ilé. Mo tẹ́ ẹran náà sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó lè tètè tutù. Bí mo ṣe ń gbé e lọ sínú fíríísà báyìí ni wọ́n mú iná lọ.

A ní jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí bí epo ṣe rí lọ́dún 2023. Lítà kan tí kò tó ₦200 ṣáájú ìparí oṣù karùn-ún ti kọjá ₦600. A kò lè tan án mọ́jú. Orí mi gbóná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní, “Ṣé kì í ṣe Èbúté la wà ni?” Ó gbé kúlà ńlá méjì, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja létí ọ̀sà, ó sì kó yìnyín dé. A to ẹran sínú rẹ̀, a dé e pa. Kò sí nínú bébà mi.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, mo gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò. Mo dìde. Màmá ni, wọ́n fi fóònù tan iná, wọ́n ń ro ata tí kò sí lórí iná.

Mo ní, “Màmá, kí lẹ ń wá?”

“Mo ní kí n wò ó bóyá ó ti kan.”

“Kò kan, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sùn.”

Wọn kò lọ. Wọ́n jókòó lórí àpótí, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, “Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń se oúnjẹ yìí. Ìyá bàbá rẹ ló fi ṣíbí lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá jókòó, tí oúnjẹ náà sì dùn, kí ni wọn yóò wá máa rántí mi sí?”

N kò ní èsì. Nínú gbogbo iṣẹ́ mẹ́tàlélógójì tí mo kọ sílẹ̀, ìyẹn kò sí níbẹ̀. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ: “Màmá, lọ́dún tó kọjá, ó kù díẹ̀ ká máa rántí yín lóòótọ́.”

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti ṣàṣejù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bu ègé ẹran kan nínú kúlà, mo gbóná rẹ̀ lórí iná, mo ní kí wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n mirí. “Iyọ̀ kò dé inú rẹ̀. Má fi kún ẹran mọ́, fi sínú ata, kí o sì jẹ́ kí ẹran náà pẹ́ díẹ̀ nínú ata kó tó sọ̀.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní wọn kò jí ni, àlejò ọgbọ̀n ni yóò jẹ ẹran òbu. Wọ́n padà lọ sùn, wọ́n sì sùn di aago mẹ́jọ.

Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló kù fún àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fi aṣọ mímọ́ nu ẹran gbẹ kí òróró má baà ta sí mi lára, mo dín in, mo dà á sínú ata. Bàbá dá iná igi sí ẹ̀yìnkùlé fún ìrẹsì. Ìdí ìrẹsì náà jó díẹ̀, ọkàn mi bọ́, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń sọ láti ìta pé òórùn ìrẹsì òde ti ń ta sí àwọn nímú. Mọ́ínmọ́ín dé, ẹ̀fọ́ dé. Nígbà tó kọjá aago kan díẹ̀, gbogbo èèyàn ti ń jẹun.

Màmá wọ àǹkárá tuntun, wọ́n jókòó láàárín àwọn àlejò. Bàbá Alájì wò wọ́n, wọ́n ní, “Ìyàwó, ọdún mélòó ni mo ti ń jẹun nínú ilé yìí? Òní ni mo kọ́kọ́ rí i tí o jókòó jẹun.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rín. Èmi ni mo ń bu ẹran, mo wá bi Màmá pé, “Ibo ni kí n bù fún yín?” Bí mo ti ń bi wọ́n ni mo rí i pé n kò mọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni mo máa ń rí lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì ní àwọn kò fẹ́ràn ẹran púpọ̀.

Màmá rò ó díẹ̀. Wọ́n ní, “Iwe.”

Ẹ mọ ẹni tó ni iwe nínú ilé Yorùbá. Gbogbo wa yí ojú sí Bàbá. Iwe náà ti wà nínú abọ́ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wo Màmá, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé e sínú abọ́ Màmá. Wọ́n ní, “Láti ìgbà wo?” Màmá ní, “Ó ti pẹ́.”

Ìgbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà nínú oṣù kìn-ín-ní, ẹ̀jẹ̀ Màmá jẹ́ 138 lórí 84. N kò ní sọ pé tòlótòló ló wò wọ́n. Òògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà bi wọ́n bí ọdún ṣe rí, wọ́n sì ní, “Mo jókòó.”

Bí ẹ bá délé lọ́dún yìí, tí àlejò sì ń bọ̀, ẹ ra ẹran kó tó di pé ojú pọ́n, kí gáàsì yín sì jẹ́ méjì. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń se oúnjẹ náà, kí ẹ ka iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pín in, kí ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ ọdún. Ẹ má gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá o. Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò, nítorí iyọ̀ yín lè má dé. Bí ẹ bá sì ń bu ẹran, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ibi tó fẹ́.

Tòlótòló tọdún yìí ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Bí mo ṣe ń kọ èyí ló ń dáhùn àwọn ọmọ àdúgbò. Bàbá sì ti kéde pé ọdún yìí, àwọn àti Màmá yóò pín iwe náà sí méjì.